Àjíǹde Kì í Ṣe Àtúnwáyé

Gbólóhùn kan wà tí ó ti wọ inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ó sì ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ bí àlejò tí ó gbàgbé ilé. Bí ìbéèrè bá ti jáde lórí ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ikú àti ẹ̀yìn ikú, gbólóhùn náà ni yóò kọ́kọ́ yọjú: 'Àtúnwáyé ni àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní àjíǹde.' Mo ti bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò ní Ìkòròdú níbí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù níbi ìsìnkú. Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé òun ń gbé àṣà wa ga ni. Ẹni tí ó fún un ní máàkì rò pé òótọ́ ni ó kọ. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àṣìṣe ni, àti pé àṣìṣe náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan; ó ń pa àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lára.

N kò gbé kálámù láti wàásù. Ìwé àtìgbàdégbà àwọn akọ́mọlédè ni èyí. Mùsùlùmí ń kà á, ọmọlẹ́yìn Kírísítì ń kà á, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ń kà á. Bí ẹnìkan bá gbà pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ikú, ó lè bá mi dé òpin ọ̀rọ̀ yìí láìyí ọkàn rẹ̀ padà. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó bá pe ìgbàgbọ́ méjì ní ọ̀kan ṣoṣo kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn lóore: ó ba ti baba rẹ̀ jẹ́, ó sì ba ti ẹlòmíràn jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí bàbá àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọkùnrin sínú ẹbí lẹ́yìn náà, a ń sọ ọ́ ní Babátúndé. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni ó kú, tí a bí obìnrin, a ń sọ ọ́ ní Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. A ń wo ojú ọmọ, a ń wo ìrìn rẹ̀, a ń wo àmì ara rẹ̀, a sì ń sọ pé àgbà náà ni ó dé. Èyí ni àtúnwáyé. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú nípa rẹ̀. Èkíní, ohun ìní ẹbí ni: inú ìran tirẹ̀ ni òkú ń padà sí, kì í yà sí ilé onílé. Èkejì, ẹni tí ó gbó, tí ó tọ́, tí ó sì fi ọmọ sílẹ̀ ni a ń fi ayọ̀ retí padà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó padà wá yóò tún kú ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ó jinlẹ̀ jù: bí àgbà náà tilẹ̀ padà wá, kò kúrò lọ́run. Babátúndé lè wà lórí ẹní tí ó ń sùn, kí baba rẹ̀ sì wà lójú oórì bàbá àgbà, kí ó máa da omi sílẹ̀, kí ó máa pe òkú náà ní orúkọ. Ọmọ mẹ́ta ní ilé mẹ́ta lè máa jẹ́ Babátúndé nítorí bàbá kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí yóò jà sí i.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí èyí. Ọmọ Ìkòròdú kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Bọ́lájí Ìdòwú, tí a bí ní ìlú yìí ní 1913, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà ní 1972, gbé ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde ní 1962. Ìlú tí ó ti wá jẹ́ ìlú tí Èlúkú, Màgbó àti Agẹmọ ti ń jáde, tí ládánì ń pe ìrun, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún. Ẹni tí ó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìdòwú fi hàn nínú ìwé náà pé lójú Yorùbá ikú kì í ṣe òpin, pé ìdájọ́ wà lọ́dọ̀ Olódùmarè, pé ọ̀run rere wà, ọ̀run àpáàdì sì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àtúnwáyé, ó kíyè sí ìṣòro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: báwo ni ẹnìkan ṣe lè wà lọ́run kí ó sì tún wà láyé nínú ọmọ-ọmọ púpọ̀? Nínú ìwé mìíràn tí ó gbé jáde ní 1973 lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà, ó sọ pé a kò lè pè é ní àtúnwáyé pátápátá ní ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn gbà ń lo èrò náà. Apá kan ni, tàbí àfarajọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Orúkọ Ìdòwú yìí gan-an ni àwọn tí ń da àtúnwáyé pọ̀ mọ́ àjíǹde fi ń ṣe ẹ̀rí. Wọ́n rántí pé ó ní Yorùbá mọ Olódùmarè kí òyìnbó tó mú Bíbélì dé. Wọ́n gbàgbé pé òun ni ó fara balẹ̀ wo àtúnwáyé tí ó sì sọ ibi tí ó mọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àgbà ṣe ẹlẹ́rìí, ó yẹ kí ó gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ tán.

Kí wá ni àjíǹde? Àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì gbà pé Jésù, ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú, tí ó kú, tí a sì sin, jí dìde ní ọjọ́ kẹta, àti pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn òkú ní ìkẹyìn ọjọ́. Pọ́ọ̀lù fi odindi orí kan, ìkẹẹ̀ẹ́dógún nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, jiyàn lórí èyí. Ó fi òkú wé irúgbìn tí a gbìn, ó sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé bí àjíǹde kò bá sí, asán ni ìgbàgbọ́ náà. Ẹ fi wé ohun mẹ́rin tí a ti kà. Kì í ṣe ohun ìní ẹbí. Ọlọ́run ni ó ń jí ènìyàn, kì í ṣe ìran rẹ̀. Kì í béèrè bóyá ẹni náà gbó tàbí ó bímọ. Ẹni tí ó jí kì í tún kú mọ́. Ẹni tí ó sì kú ni yóò jí, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ-ọmọ tí ó jọ ọ́. Nínú ohun mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tí ó bá ara mu.

Àwọn kan yóò ní, 'Orúkọ náà Babájídé ńkọ́? Ṣé kò sí jíjí nínú rẹ̀ ni?' Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn. Jíjí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó jí? Ọmọ tuntun ni ó wà nínú ilé, tí yóò kọ́ ìrìn, tí yóò kọ́ ọ̀rọ̀, tí yóò gbé ìyàwó tirẹ̀, tí kò sì rántí ọjọ́ kan nínú ìgbésí ayé bàbá àgbà. Oríkì àti ìfẹ́ ni orúkọ náà. Ó ń sọ pé ilé kò tíì parun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Kò nílò kí a fi ẹ̀wù ẹlòmíràn bò ó kí ó tó níyì.

Àṣìṣe kejì kan ń ti àṣìṣe kìíní lẹ́yìn, àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn ni wọ́n sì ni ín. Níbi ìsìnkú, a máa ń gbọ́ pé ara kò jẹ́ nǹkan kan, pé àpò òfìfo ni, pé ọkàn ti fò lọ sí ibi tí ó sàn. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìrètí náà nìyẹn, àjíǹde kò wúlò mọ́. Kí ni a ó jí dìde fún? Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ní Àtẹ́ńsì, ọ̀rọ̀ àjíǹde òkú ni ó mú kí àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gẹ́gẹ́ bí orí 17 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ti wí. Bẹ́ẹ̀ ọkàn tí kì í kú kò ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Ní 1955, Oscar Cullmann, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Harvard lórí ìyàtọ̀ yìí gan-an, pé ìgbàgbọ́ nínú ọkàn tí kì í kú yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ nínú àjíǹde òkú, inú sì bí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwé tiwọn fúnra wọn kò sọ nǹkan mìíràn. Lúùkù kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí Jésù jí dìde, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ó sì jẹ ẹja lójú wọn. Àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà mọ ohun tí ẹja jẹ́. Òjìji kì í jẹ ẹja.

Ó yẹ kí akọ́mọlédè kíyè sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣíwájú wọn, tí ìwé Róòmù jáde lédè wa ní 1850, tí Bíbélì sì parí ní 1884, kò lo àtúnwáyé fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Jésù. Ọ̀rọ̀ àtúnwáyé kò jìnnà sí wọn. Ọmọ Yorùbá ni Crowther, Òṣogùn ni a ti bí i. Jí àti dìde ni wọ́n mú, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sùn tí ilẹ̀ mọ́ bá. Títí di òní, nígbà tí a bá ń túká lálẹ́, a máa ń sọ pé, 'Ó dàárọ̀ o, àjíǹde ara á jẹ́.' Ọ̀rọ̀ méjì náà, àjíǹde ara, ni ó wà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí àwọn ìjọ ń kà ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n pọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ náà ń pe ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ ní ọjọ́ àjíǹde. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ọjọ́ àtúnwáyé. Èdè ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ kí àwa tó tún wọn dà pọ̀.

Ẹ lè ní, 'Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni gbogbo èyí. Ta ni ó kú sí i?' Ẹ jẹ́ kí á kúrò nínú ìwé, kí á wọ inú ìlú.

Ní 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí a mọ̀ sí Badoo da Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ láàmú. Òru ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n ń fi òkúta àti ọmọ ọlọ fọ́ orí àwọn tí ó sùn, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú yàrá kan náà. Àwọn ènìyàn sá kúrò nínú ilé tí wọ́n kọ́. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbẹ̀rù náà bí ìwà ibi mìíràn, nítorí pé ní 2017, èrò fi ìfura lásán pa àwọn aláìṣẹ̀ kan, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Àwọn tí a pa nínú ilé wọn ti sọ fún ara wọn lálẹ́ pé àjíǹde ara á jẹ́. Kò jẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé àtúnwáyé ni àjíǹde dá mi lóhùn níbí. Nínú ilé tí a ti pa bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ, ta ni yóò tún wọn bí? Ta ni yóò kù tí yóò sọ ọmọ ní Babátúndé? Àtúnwáyé jẹ́ ìtùnú fún ilé tí ó kún. Àwọn àgbà wa mọ èyí, wọn kò sì fi pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òkú àgbà ni a ń fi ìlù sin. Òkú ọmọdé, ọ̀fọ̀ ni, kíákíá ni a ń gbé e sin, a kì í sì í ṣe àsè lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodo tí kò sì gúnlẹ̀, àgàn tí ó kú láìgbé ọmọ pọ̀n, ìkókó tí kò tíì gba orúkọ, gbogbo wọn ni wọ́n wà lẹ́yìn odi ìrètí yìí.

N kò sọ pé Yorùbá kò ronú kan àwọn wọ̀nyí. Wọ́n ronú. A ní àkúdàáyà, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí ó kú, tí a gbà pé ó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó ń bímọ níbẹ̀. Ẹ wo bí ìfẹ́ ti pọ̀ tó nínú ìgbàgbọ́ yẹn: ẹni tí a gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú ń lo èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kò ó lójú, yóò pòórá. Ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ìròyìn rẹ̀, kò lè dì mọ́ ọn. A ní àbíkú pẹ̀lú, òun sì ń padà wá, ṣùgbọ́n oró ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ó bí i. Àwọn baba wa wo ibojì ọmọdé, wọ́n sì sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òtítọ́ yẹn ju irọ́ adùn tí a ń sọ lórúkọ wọn lọ.

Ibojì tí àtúnwáyé dákẹ́ sí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ àjíǹde ní òun ní ọ̀rọ̀ sọ sí. Bóyá òótọ́ ni tàbí kì í ṣe òótọ́, ohun tí ó ń wí nìyẹn: pé Ọlọ́run yóò pe aláìlọ́mọ ní orúkọ, yóò sì pe ìkókó. Jésù tí ó dúró fún ìrètí náà kò gbó, kò bímọ, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń kú. Ní ojú àṣà, ọ̀fọ̀ ńlá ni òkú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé àtúnwáyé ni àjíǹde ti gba ìrètí kan ṣoṣo tí a nà sí ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó ti gbé e lọ fún ẹni tí ó ti ní ọmọ mẹ́wàá tí yóò sin ín. Ìdí tí mo fi bínú nìyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníwàásù náà. Àwọn kan ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀, wọ́n ń pàṣẹ fún ìyá pé kí ó má sunkún, pé ẹkún jẹ́ àìnígbàgbọ́. Níbo ni wọ́n ti kà á? Nínú ìwé Jòhánù, Jésù sunkún ní ojú ibojì Lásárù. Lásárù jáde, ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ sí ayé tí a ti ń kú ni tirẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banújẹ́. Kí ìbànújẹ́ wọn má dà bí ti ẹni tí kò ní ìrètí ni ó wí. Ẹni tí ó fi òfin gbẹ omijé ìyá ọlọ́mọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi àtúnwáyé dípò àjíǹde: àwọn méjèèjì ń sá fún ibojì ọmọdé ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò pè mí ní ẹrú òyìnbó. Wọn yóò ní mo fẹ́ kí àwọn baba wa dà bí aláìní. Ó yà mí lẹ́nu pé ìdàkejì ni mo rí. Okot p'Bitek, ọmọ ilẹ̀ Uganda, fi ẹ̀sùn kan Ìdòwú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1970 pé wọ́n ń wọ aṣọ àwọn Gíríìkì fún àwọn òrìṣà Áfíríkà kí òyìnbó lè bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ẹ̀sùn náà tilẹ̀ le jù fún Ìdòwú, ó bá gbólóhùn tí mo ń bá jà mu wẹ́kú. Ta ni ó sọ pé àtúnwáyé kò níyì àfi bí ó bá jẹ́ àjíǹde? Ẹni tí ó ń wá ohun tí onígbàgbọ́ ní nínú gbogbo igun ilé baba rẹ̀ ni ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ti onígbàgbọ́ ni òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí ìbéèrè yìí bá tún dé, ẹ sọ ohun tí àtúnwáyé jẹ́, pẹ̀lú orúkọ tí ó fi ń hàn àti ẹbí tí ó ni ín. Ẹ sọ̀rọ̀ ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, àkúdàáyà àti àbíkú, olúkúlùkù ní àyè rẹ̀. Bí a bá ní kí ẹ fi wé ìgbàgbọ́ Kírísítì, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti pàdé: pé ikú kì í ṣe òpin, pé ìwà ènìyàn yóò bá a délé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti pínyà: ẹni tí ó ń padà, ibi tí ó ń padà sí, bóyá yóò tún kú, àti ohun tí a ní láti sọ fún ẹni tí kò fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ má fi gbólóhùn kan gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Àwọn ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì wa ní Ìkòròdú lónìí ti mọ àwọn tí ó sùn tí wọn kò jí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti sin àbúrò, àwọn mìíràn ti sin ọ̀rẹ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbé ọwọ́ sókè, tí ó béèrè pé, 'Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé àbúrò mi tí kò dàgbà yóò padà wá?', ìbéèrè rẹ̀ tóbi ju máàkì lọ. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé kò gbà. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a lóhùn pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀.